A ti rí orúkọ fún eré wa

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun o. Mo béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí la lè sọ eré Dungeons & Dragons wa tuntun (eré tí a jọ ń fẹnu sọ ìtàn rẹ̀, tí a sì ń ta dáìsì láti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀), ìtàn ìlú olódi tí ẹnubodè rẹ̀ kì í ṣí àfi ní ọjọ́ 17 síra wọn. "Ìlú Òkùnkùn" ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn lè jẹ́ ti ìtàn èyíkéyìí. Ẹni tó rán mi létí ìtàdógún, ìyẹn kíkà ọjọ́ 17, bí àwọn onífá ṣe ń ka ọjọ́ ìpàdé wọn, ló yanjú ẹ̀. "Oníbodè Ìtàdógún" la mú! Inú mi dùn gan-an, torí oníbodè, ẹni tó ń gba owó ibodè láyé àtijọ́, ti wá di ẹni tí gbogbo ìtàn náà dá lé. Sátidé la máa ta dáìsì àkọ́kọ́.