Ṣé bàtà tí ń dún lè kọ́ ọmọ mi láti fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀?

Ìyá Dáre, Kàbà:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Oyún ọmọkùnrin mi kò ju oṣù méje lọ tí mo fi bí i, ó sì ti pé ọmọ ọdún 6 báyìí. Cerebral palsy tó ní (ìṣòro ìrìn àti ìgbọ́wọ́-gbẹ́sẹ̀ tí ọpọlọ tó fara pa láti kékeré ń fà) mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì le, orí ìka ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, gìgísẹ̀ rẹ̀ kì í sì í kan ilẹ̀ àfi tí mo bá rán an létí. Mo ti sọ "gìgísẹ̀, gìgísẹ̀" títí ọ̀rọ̀ náà fi sú èmi àti òun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ àbúrò mi wọ bàtà tí ń dún ní gìgísẹ̀ wá sílé wa, Dáre tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Màámi, tèmi dà?" Tí mo bá fi ohun tí ń dún náà sínú bàtà rẹ̀, ṣé yóò ràn án lọ́wọ́, àbí ariwo lásán ni?

Físíò kan (ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé), Ìsánlú:
Ẹ kú ìtọ́jú, Màmá. Kì í ṣe ariwo lásán. Ọpọlọ tó fara pa láti kékeré kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ìròyìn tí ẹsẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí i, nítorí náà ọmọ lè gbà pé òun ti tẹlẹ̀ nígbà tí gìgísẹ̀ ṣì wà lókè. Ohùn tó bá dún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí gìgísẹ̀ kanlẹ̀ yóò gba ọ̀nà etí sọ fún un, bí dígí ńlá ṣe ń gba ojú sọ ọ́. Níbi tí irinṣẹ́ wà, wọ́n a máa lẹ ẹ̀rọ mọ́ ara lórí iṣan kí ọmọ lè rí iṣẹ́ iṣan rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó dùbúlẹ̀, kí orúnkún rẹ̀ nà tán, kí ẹ sì rọra ti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè síhà ojúgun. Bí ẹsẹ̀ kò bá dé ibi tí òun àti ojúgun yóò ti ṣe igun bí igun ìwé, ó ṣeé ṣe kí iṣan ti kúrú, kò sì sí ohùn tó lè mú gìgísẹ̀ náà balẹ̀. Físíò yín ni yóò sọ bóyá bàtà àtìlẹ́yìn tàbí POP (sìmẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀) ló kàn. Bí ẹsẹ̀ bá dé ibẹ̀, ẹ lo bàtà tí ń dún náà fún ìgbà díẹ̀ lóòjọ́, kí ẹ sì máa yọ ohùn náà kúrò díẹ̀díẹ̀, nítorí ọmọ tó ń gbọ́ ọ ní gbogbo ìṣísẹ̀ lè padà sórí ìka lọ́jọ́ tí kò bá gbọ́ ọ mọ́.

Bàbá Fúnmi, Mópà:
Ìlù ni tiwa. Wọ́n ní kí n máa lù ú bí ọmọbìnrin mi ṣe ń rìn. Èmi, nínú ìwàǹwára, mo lù ú yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, gbogbo ara rẹ̀ gan, ó sì ṣubú. Ìgbà tí mo ka iye ìṣísẹ̀ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, tí mo lù ú ní ìwọ̀n náà gan-an, tí mo wá fi díẹ̀ kún un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ni ìrìn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Agolo mílíìkì ni mo lù o, kì í ṣe dùndún.

Ìyá Ṣadé, Ìyàrà:
Ẹ má jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lọ sílé-ìwé. Àwọn ẹgbẹ́ tèmi fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò sì fẹ́ fojú kan bàtà náà mọ́. Ẹ sì máa tú ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lálaalẹ́, bóyá bàtà ń bó o.

Ìyá Dáre:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lórí ẹní: ẹsẹ̀ ọ̀tún dé ibi tí Físíò wí, òsì kò dé e. A ó lọ rí físíò wa ní Lọ́kọ́ja ní Ọjọ́rú. Kí n tó béèrè lọ́wọ́ yín ni mo ti tú bàtà ọmọ àbúrò mi, ọmọ náà sì ti ń sunkún láti àná. Mo ti ń fi abẹ́rẹ́ rán bàtà náà padà fún un báyìí.