Mo ń wá ìmọ̀ràn: báwo ni a ṣe lè wọn "jeong" láàárín àwọn ará Kòríà?

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin: Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Mò ń ṣètò ìwé ìbéèrè fún àwọn ará Kòríà Gúúsù lórí jeong, ìyẹn ìfaramọ́ra tó máa ń wà láàárín àwọn tó ti jọ ń bá a bọ̀ tipẹ́. Ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ni "Báwo lẹ ṣe fẹ́ràn ọ̀rẹ́ yín tó?", kí wọ́n sì mú nọ́ńbà kan láti 1 dé 5. Ṣé ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀?

Ará Seoul: Àbúrò mi, ìbéèrè yẹn kò ní gbé ọ débi tí ò ń lọ. Àwọn ará Kòríà máa ń sọ pé jeong "wọlé", bí aró ṣe ń wọ aṣọ díẹ̀díẹ̀, nígbà mìíràn kí ẹni tó wọ̀ lára tó mọ̀. Goun jeong ni èyí tí oore àti ọ̀rọ̀ dídùn bí. Miun jeong sì ni èyí tó so àwọn tó ń bínú síra wọn pọ̀, tí wọn kò fi lè fi ara wọn sílẹ̀. Tọkọtaya tó ti ń ṣaáwọ̀ láti 40 ọdún lè mú 1 lórí ìwé rẹ, bẹ́ẹ̀ jeong wọn jinlẹ̀ ju ti àwọn tó mú 5 lọ. Ìyá tí mo ń ra ẹ̀wà híhù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jà kì í rẹ́rìn-ín sí mi, ṣùgbọ́n ó máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i kí ó tó di láílọ́ọ̀nù náà. Deom ni wọ́n ń pè é, èènì tiwa gan-an.

Bàbá Olùkọ́: Òótọ́ ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Choi Sang-chin ti Yunifásítì Chung-Ang ka ohun mẹ́rin mọ́ jeong: pípẹ́ pọ̀, gbígbé pọ̀, ọ̀yàyà, àti kí ẹni méjì má fi nǹkan pa mọ́ fúnra wọn. Orí àwọn wọ̀nyí ni kí o gbé ìbéèrè kà, kí o sì béèrè ohun tí ènìyàn ń ṣe: ta ló lè ṣí fìríìjì rẹ láìtọrọ àyè? Ta lo ń pè ní "uri", tiwa? Ọmọ kan ṣoṣo ní Kòríà ṣì ń pe ìyá rẹ̀ ní "ìyá wa". Má sì túmọ̀ jeong sí ìfẹ́; kọ ọ́ bó ṣe wà. Bí wọ́n bá sì ti túmọ̀ ìbéèrè náà sí èdè Kòríà, kí ẹlòmíràn tó gbọ́ èdè méjèèjì tú u padà sí Yorùbá láìrí ti àkọ́kọ́, kí o lè mọ̀ bóyá ìtumọ̀ rẹ̀ kò yí.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin: Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti pa ìbéèrè yẹn rẹ́. Èyí tí mo fi rọ́pò rẹ̀ ni: "Ẹ ronú kan ẹni tó máa ń bí yín nínú jù lọ nílé tàbí níbi iṣẹ́. Bó bá kó lọ lọ́la, kí ni ẹ ó máa wá tì?"