Ọrùn ọwọ́ tó ń ro níbi títẹ̀wé: ó ti yanjú

Ẹ ṣeun, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá sí ìbéèrè mi lórí ọrùn ọwọ́ tó ń ro àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ṣágámù.

Ẹsẹ̀ kékeré méjì tó wà lẹ́yìn kíbọ́ọ̀dù ló fa èyí tó pọ̀ jù. Bí a bá gbé wọn dúró, ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù á ga, ọwọ́ á ká sẹ́yìn, ihò tóóró tí iṣan ń gbà kọjá ní ọrùn ọwọ́ á sì fún pọ̀. Ẹ ká wọn wọlé.

Tábìlì wa ga ní sẹ̀ǹtímítà 75, kò sì ṣeé gé. Àga la gbé sókè títí ìgúnpá fi bá kíbọ́ọ̀dù dọ́gba, a wá ki pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ kó má baà máa rọ̀ dirodiro. Tówẹ̀lì tá a ká síwájú kíbọ́ọ̀dù wà fún ìsinmi nìkan: ìdí àtẹ́lẹwọ́ ni kẹ́ ẹ gbé lé e, kì í ṣe ọrùn ọwọ́.

Ti àmì ohùn Yorùbá ńkọ́? Bí ọwọ́ ọ̀tún bá di AltGr mú (bọ́tìnnì tá a fi ń pe àmì jáde), ẹ jẹ́ kí tòsì tẹ lẹ́tà. Ẹ má fi ọwọ́ kan ṣoṣo na ìka gbàgà.

Bí àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e bá ń kú tipiri lóru, ẹ tètè lọ rí dókítà.