Sharp-shinned àti Cooper's: kí lẹ fi ń dá wọn mọ̀ lójú sánmà?

Abẹ́-Òfuurufú: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹ́yẹ. Braddock Bay, etí adágún Ontario ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, ni mo ti ń wo àṣá ní ìparí oṣù Kẹrin yìí. Igún kò ṣòro fún mi, àṣá Red-tailed náà kò ṣòro. Àwọn àṣá méjì yìí, Sharp-shinned àti Cooper's, ni mi ò lè yà sọ́tọ̀. Ìrù gígùn kan náà, ìlà ara ìrù kan náà. Ṣé títóbi lẹ ń wò?

Ojú-Àwòdì: Ẹ má fi títóbi ṣe é rárá. Abo àṣá máa ń ju akọ lọ dáadáa. Abo Sharp-shinned fẹ́rẹ̀ẹ́ tó akọ Cooper's, kò sì sí igi lójú sánmà tí ẹ máa fi wọ̀n ọ́n. Orí ni kí ẹ wò. Bí Cooper's bá ń rà bàbà, orí rẹ̀ á yọ síwájú, etí apá rẹ̀ á gún tọ́ọ́rọ́, bí àgbélébùú tó ń fò. Ti Sharp-shinned, oríkèé apá ló máa ń tì síwájú, orí kékeré náà á sì rì sáàárín wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bó ṣe ń gbọn apá. Ti Cooper's le koko, ẹ lè kà á. Sharp-shinned á gbọ̀n ọ́n wìrìwìrì, kíkà ò ní bá a. Ìrù ló kẹ́yìn: ti Sharp-shinned gé pẹrẹsẹ, ti Cooper's rí roboto, etí rẹ̀ sì funfun.

Ìyá Oníwò: Ẹ ṣọ́ra fún ìrù yẹn o. Bí Sharp-shinned bá ń yípo nínú atẹ́gùn gbígbóná tó ń gbé ẹyẹ ròkè, á la ìrù bí abẹ̀bẹ̀, èyí tó gé pẹrẹsẹ á sì rí roboto. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í kọ ní Cooper's. Ó dìgbà tó bá pa ìrù dé kí ẹ tó gbà á gbọ́. Funfun etí ìrù Cooper's náà, nígbà ìrúwé, ìyẹ́ ti gbó, ó ti jẹ dànù díẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn fún oòrùn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹyẹ á dúdú bí èédú. Awò 8x42 (tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́jọ) sàn ju 10x42 (ìlọ́po mẹ́wàá) lọ: ojú rẹ̀ fẹ̀, kì í sì í fi gbígbọ̀n ọwọ́ hàn tó bẹ́ẹ̀.

Ojú-Àwòdì: Òótọ́ ni, màmá. Ẹ tún máa retí Broad-winged, àṣá mìíràn tó ń ti Gúúsù Amẹ́ríkà bọ̀ lọ́wọ̀ọ́wọ́ lásìkò yìí. Abẹ́ apá rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìlà dúdú sì wà létí ẹ̀yìn apá náà bí ìgbátí aṣọ. Ìlà dúdú àti funfun fífẹ̀ wà ní ìrù àgbà. Ti ọmọ rẹ̀ kò hàn bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn gúúsù ni kí ẹ dúró dè. Omi tútù kì í gbé atẹ́gùn gbígbóná sókè, nítorí náà àṣá kì í fẹ́ ré adágún kọjá. Etíkun ni wọ́n ń gbà lọ sí ìlà oòrùn.

Abẹ́-Òfuurufú: Ẹ ṣé gan-an. Bí orí ò bá hàn, tó sì la ìrù ńkọ́?

Ìyá Oníwò: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀kan nínú méjèèjì ni. Àwọn tó ń ka àṣá lójoojúmọ́ náà máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.