Orúkọ pọ̀ nínú ìwé, àwọn tó ń jókòó fún ìdánwò kò tó nǹkan (NOUN, Àkúrẹ́)

Akọ̀wé_Alágbàka:
Ẹ kúulé o. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ òṣìṣẹ́ kan ní Alágbàka ń yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lówó láti kàwé ní NOUN (National Open University of Nigeria, yunifásítì tí èèyàn ti lè jókòó sílé kàwé), ibùdó Àkúrẹ́. Orúkọ 40 ló wà nínú ìwé, àmọ́ tí sẹ̀mẹ́sítà bá parí, èsì tí wọ́n ń mú wá kì í tó 20, C àti D ló sì kún inú rẹ̀. Báwo la ṣe máa dá ẹni tó ń kàwé lóòótọ́ mọ̀ ká tó tún yá a lówó? Ibo gan-an ni máàkì ń jò gbà? Àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ tún ní ilé-ìwé onílẹ́tà (correspondence, èyí tí wọ́n ń fi lẹ́tà kọ́ni) ni NOUN, pé kò yẹ ká náwó lé e lórí.

Ọmọ_Ìjàpọ̀:
Ẹ má fi nọ́ńbà mátíríkì ka èèyàn. Ẹni tó bá ti gbà á, tirẹ̀ ni, ì báà ti tó ọdún méjì tó ṣíwèé kẹ́yìn. Ẹni tó forúkọ fún ìdánwò ni kẹ́ ẹ kà.

Bó ṣe ń lọ rèé. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ sanwó sínú wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórí pọ́tálì. Inú owó yẹn ló ti máa forúkọ sẹ̀mẹ́sítà, lẹ́yìn náà kọ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà ìdánwò kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, tó ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ibi ìkẹyìn yìí ni wọ́n ti ń kọsẹ̀ jù. Wọ́n á rí i pé owó ti wọlé, kọ́ọ̀sì ti hàn, wọ́n á ní ó parí. Owó tó jókòó sínú wọ́lẹ́ẹ̀tì kò forúkọ ẹnikẹ́ni o! Ẹ gba slíìpù ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò lọ́wọ́ wọn ní títẹ̀, kẹ́ ẹ fi kọ́ọ̀sì inú rẹ̀ wé tinú slíìpù kọ́ọ̀sì. Tí kọ́ọ̀sì bá jẹ́ 7 níbí, tí ìdánwò jẹ́ 4 lọ́hùn-ún, ẹ ti rí ibi tí ẹni yẹn ti ń já sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ tún yẹ táìmù-tébù ìdánwò wò kí wọ́n tó sanwó ìdánwò. Ẹni tó ní kọ́ọ̀sì tó fìdí rẹmi láti ìpele ìsàlẹ̀ lè bá ìdánwò méjì pàdé ní wákàtí kan náà.

Tíṣà_Arákàlẹ̀:
Ní ti máàkì, TMA ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ìyẹn iṣẹ́ àṣetiléwá orí pọ́tálì. Òun ló ni 30 nínú 100, ìdánwò ló ni 70. Ẹ jẹ́ ká ní èèyàn méjì jọ gba 46 nínú ìdánwò. Èyí tó ní 24 nínú TMA ti di 70, A nìyẹn. Èyí tó ṣe TMA kan péré tó gba 9, 55 ló ní, C. Orí kan náà, ìwé kan náà o. Tí kọ́ọ̀sì náà bá jẹ́ yúnìtì 3 (ìwọ̀n kọ́ọ̀sì nìyẹn), A mú póìǹtì 15 wá (5 lọ́nà 3), C mú 9 (3 lọ́nà 3). Ẹ wo bí 6 ṣe lọ láìjẹ́ pé ẹnì kan mọ̀wé ju ẹnì kejì.

Tí TMA bá ti tì, ó tì náà nìyẹn, kì í dúró de ẹni tí iná ò sí ládùúgbò rẹ̀. Kí wọ́n má fi sí alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, nígbà tí gbogbo Nàìjíríà ń wọ pọ́tálì kan náà.

Akọ̀wé_Alágbàka:
Ẹ ṣé gan-an. Àwọn kan ní àwọn kì í fi TMA jáfara, pé ọmọ kaféè ló ń bá àwọn ṣe é, ó sì máa ń gba 27, 28. Síbẹ̀ D ló ń jáde.

Tíṣà_Arákàlẹ̀:
Ó bára mu. Pẹ̀lú 28, ìdánwò 17 péré ti sọ ọ́ di 45, D nìyẹn, kò ní fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n kò ní kúrò ní ìsàlẹ̀. TMA ló yẹ kó lé èèyàn wọnú ìwé. Ẹni tí ọmọ kaféè bá ṣe é fún, ìgbà tó bá dé gbọ̀ngàn ló máa kọ́kọ́ pàdé ìbéèrè.

Ní 100 àti 200 lẹ́fẹ́ẹ̀lì, orí kọ̀ǹpútà ni ìdánwò. Àwọn ìbéèrè alálàfo wà níbẹ̀ tí èèyàn máa fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ìdáhùn sí. Ẹ̀rọ ò mọ ohun tó wà lọ́kàn yín: ẹni tó bá tẹ «comunication», m kan, ó ti kùnà. Kí wọ́n fi ọwọ́ kọ àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì inú ìwé kọ́ọ̀sì sílẹ̀, lẹ́tà sí lẹ́tà. Láti 300 lọ, bébà àti bírò ni. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa mú A-B-C-D á wá rí i pé àlàyé ní ojú-ewé méjì kì í ṣe eré.

Tí PDF kọ́ọ̀sì bá ní yúnìtì 16, tí ọ̀sẹ̀ 8 sì kù, méjì lọ́sẹ̀ ni. (Yúnìtì yìí, orí ìwé ni, kì í ṣe yúnìtì tí a fi ń ṣírò póìǹtì. Ọ̀rọ̀ kan náà, ó ń da àwọn tuntun rú.) Ẹni tó ń ti ọ́fíìsì dé láago márùn-ún, kó má kó kọ́ọ̀sì tó jẹ́ yúnìtì 24 (ti póìǹtì) nítorí pé pọ́tálì gbà á. 12 sí 15 tó.

Ará_Ọ̀bá-Ilé:
Ẹ bá mi kí àgbà ìgbìmọ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣàdédé wá, ó kàn ti pẹ́ ni. Ọdún 1983 ni ìjọba Shagari dá ilé-ìwé yẹn sílẹ̀, ìjọba ológun Buhari tì í ní 1984, ìgbà Ọbásanjọ́ ni wọ́n tó jí i dìde. «Onílẹ́tà» tó wà nínú òfin rẹ̀ ló ń dí àwọn tó ń jáde lọ́nà NYSC àti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà tẹ́lẹ̀. December 2018 ni wọ́n tún òfin náà ṣe, ta ló sì fọwọ́ sí i? Buhari kan náà.

Akọ̀wé_Alágbàka:
Háà! Màá sọ fún wọn. Àwọn tiwa tó ti lé ní 30 ńkọ́, ṣé wọ́n á lọ sìnlú?

Ará_Ọ̀bá-Ilé:
Rárá. Ẹni tó bá ti ju 30 lọ nígbà tó jáde, ìwé ìyọ̀ǹda ni NYSC máa fún un. Ọjọ́ ìbí tó wà lórí pọ́tálì ni kí wọ́n yẹ̀ wò báyìí, kó bá ti ibi iṣẹ́ mu.