Àbọ̀ ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun. Mo bi yín bóyá kí n tọ ẹ̀gbọ́n mi tó ta ilẹ̀ bàbá wa láìsọ fún mi lọ, tàbí kí n dúró kó wá bẹ̀ mí. Mátíù 18:15 tí ẹ tọ́ka sí ló là mí lójú: ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ gan-an ni Jésù ní kó lọ.

Mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ọ́jà Ọba, níbí l'Ákùrẹ́. Mo sọ gbogbo ohun tó dùn mí, n ò fi bò. Ó ṣí fìlà, ó ní, "Àbúrò mi, má bínú." Mo ti dárí jì í tọkàntọkàn. Owó ilẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ o, ìdáríjì ò pa ìyẹn rẹ́. A máa yanjú ẹ̀ níwájú ìyá wa lọ́jọ́ Sátidé.