Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: kí ni nǹkan kékeré tó máa ń múnú yín dùn?

Nọ́ọ̀sì_Tanke
Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ní lívù ọ̀sẹ̀ méjì níbi iṣẹ́, lívù àkọ́kọ́ tí mo máa gbà látìgbà tí bàbá mi ti jáde láyé lọ́dún tó kọjá, inú mi ò sì tíì dùn dénú látìgbà yẹn, mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń bọ̀, mò ń se oúnjẹ fọ́mọ, mò ń sùn, ó parí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ká dìde ká lọ sí bíìṣì l'Ékòó, pé tí mo bá ti rí òkun ara mi á yá. Mo ro owó ọkọ̀ èmi àti ọmọ mi (ọmọ ọdún méje ni), mo ro owó ibi tá a máa sùn, mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín ná. Kí ni nǹkan tó máa ń múnú ẹ̀yin dùn, tẹ́ ẹ bá ṣe é tán tẹ́ ẹ máa mọ̀ pé ara ti fúyẹ́? Ìwé ni o, oúnjẹ ni o, ibi téèyàn lè lọ kó sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà ni o. Ìlọrin ni mo wà, mo lè dé apá Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán. Àdúrà, mò ń gbà á, èyí tó kù ni mò ń béèrè.

Ìyá_Ìbejì_Gàá_Àkáńbí
Àbúrò mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá, Ọlọ́run á forí jìn wọ́n, á sì dá ẹ̀yin tí wọ́n fi sílẹ̀ sí. Tèmi ò gùn. Wàrà ni.

Kì í ṣe èyí tó ti tutù tí wọ́n ti ń gbé kiri látàárọ̀ o. Ẹ wá gàá kan (ibùdó àwọn Fúlàní) tó sún mọ́ yín, ẹ débẹ̀ láàárọ̀ kùtù nígbà tí àwọn ìyá Fúlàní bá ń se é lọ́wọ́, kẹ́ ẹ mú ọmọ yín dání. Ẹ máa rí i tí wọ́n á da wàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lára màlúù sínú ìkòkò, iná rẹ́rẹ́ ni o, wọ́n á gún ewé bọmubọmu, wọ́n á sẹ́ omi ẹ̀ sí i, ẹ ò ní ṣẹ́jú títí tó fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í dì, omi ẹ̀ á yà sọ́tọ̀, wọ́n á wá bù ú sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kí omi yẹn lè ro dànù, ìdí nìyẹn tí àpá apẹ̀rẹ̀ fi máa ń wà lára wàrà. Èyí tó pupa yẹn, pòròporo ọkà bàbà ni wọ́n fi sè é. Èmi tí mo ti ń jẹ wàrà láti kékeré, mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó mọ̀.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ gé e, ẹ bu iyọ̀ àti ata gígún díẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kí òróró gbóná dáadáa kẹ́ ẹ tó dà á sí i. Ẹ má gbé e lọ sórí tábìlì. Ìdí iná yẹn ni kẹ́ ẹ ti máa jẹ ẹ́, ẹ̀yin kan, ọmọ kan, kó máa jó yín lẹ́nu.

Ọmọ_Gámbàrí
Òjò. Kí ẹ gbé àga sí ẹnu ọ̀nà nígbà tójò bá ń rọ̀ sórí páànù, kẹ́ ẹ ní àgbàdo sísun àti àgbọn lọ́wọ́, kí fóònù wà nínú yàrá. Ó tán.

Tíṣà_Òmù_Àrán
Ẹ kú ọ̀rọ̀ bàbá o, ẹ̀yìn wọn á dáa. Ẹ béèrè ìwé, ìwé lèmi máa sọ. Ẹ lọ wá ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n fi kọ́ yín nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe wáẹ̀ẹ̀kì, èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ máa rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù. Nígbà yẹn ìdánwò la tìtorí ẹ̀ kà á, ta ló pa ẹ̀dá ìtàn yìí, kí ni orúkọ ìyàwó kejì, a ò jẹ́ kí ìwé náà dùn mọ́ wa lẹ́nu rárá. Ẹ tún un kà báyìí tẹ́ ẹ ti dàgbà, tẹ́ ẹ ti bímọ, tẹ́ ẹ ti mọ bí ọ̀fọ̀ ṣe ń rí, ẹ máa rò pé wọ́n tún un kọ ni.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ kà á sókè o. Èmi máa ń ka ìwé fún ìyá àgbà mi nígbà tí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, alaalẹ́ tí wọ́n bá ti múná lọ ni, àtùpà kékeré kan ló wà láàárín wa. Wọn ò kàwé rí láyé wọn o, àmọ́ tí mo bá ṣi ohùn pè báyìí, kí n pe ọkọ̀ ní ọkọ́, wọ́n á gbọ́wọ́ lé mi lórúnkún, wọ́n á ní “padà sẹ́yìn.” Mo máa padà. Wọ́n á ní “ẹ̀n-ẹ́n, ó ti tọ́.” Lójoojúmọ́ ni mo máa ń fẹ́ kí ilẹ̀ tètè ṣú. Ọmọ ọdún méje ti tó gbọ́ ìtàn, ẹ máa kà á fún un, kó máa bi yín ní ìbéèrè, ẹ má kánjú parí ẹ̀.

Ọmọ_Ìlọrin_l'Ékòó
Ọmọ Àfọ̀njá, ẹnu dùn juyọ̀, ẹ kú ìrọ́jú o. Èmi ò ní bá wọn sọ pé bíìṣì ò dáa, torí èmi gan-an ibẹ̀ ni mo máa ń sá lọ tí iṣẹ́ bá ti fẹ́ dójú ẹ̀ fún mi. Tẹ́ ẹ bá máa wá, Tarkwa Bay lèmi máa sọ nítorí ọmọ yín. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀, kò sí ọ̀nà mọ́tò, omi ibẹ̀ sì rọ̀ torí wọ́n ti fi òkúta dínà ìgbì lẹ́nu èbúté. Ti àwọn etíkun tó kọjú sí òkun gbangba lápá Lẹ́kí yẹn yàtọ̀, omi ibẹ̀ máa ń fa èèyàn lẹ́sẹ̀ wọlé, ẹ má jẹ́ kí ọmọ wọ̀ ọ́ kọjá orúnkún, kí ọwọ́ yín sì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ rí i pé wọ́n fún ẹ̀yin méjèèjì ní jákẹ́ẹ̀tì tó ń léfòó, tí kò bá sí, ẹ má wọ̀ ọ́. Ẹ má wá ní Sátidé tàbí Sọ́ńdè, ariwo ni.

Kì í ṣe ìwẹ̀ ló ń dùn mọ́ èmi níbẹ̀. Mo máa ń dúró síbi tí omi ti ń parí, láìwọ bàtà. Tí ìgbì bá ń padà, á máa wa iyanrìn lábẹ́ gìgísẹ̀ mi díẹ̀díẹ̀, ara mi á máa rì sílẹ̀ láìṣe pé mo kúrò lójú kan. Mo lè dúró bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé owó tẹ́ ẹ máa yá lẹ máa fi wá, ẹ má wá. Òkun ò lọ síbì kankan, ẹ lè wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọmọ_Gámbàrí
Tó bá jẹ́ omi ńlá lẹ fẹ́ fojú rí, Jẹ́bà wà ńbẹ̀, Odò Ọya ń ṣàn lọ gbuurugbu, ẹ̀ẹ́ sì jẹ ẹja díndín bọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Tanke
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Ìbejì, mo din wàrà lánàá, ẹsẹ̀ mi ò tíì dé gàá o, lọ́jà ni mo ti rà á, àmọ́ a jẹ ẹ́ nídìí iná bẹ́ ẹ ṣe sọ, ọmọ mi ní “mọ́mì, ká má kúrò níbí.” Bíìṣì, màá fi sí ọdún tó ń bọ̀. Ibi tí mo lè lọ nítòsí ló kù.

Ọmọ_Ìgbómìnà_gidi
Ẹ lọ sí Ẹ̀sìẹ́, lápá Ìgbómìnà lọ́dọ̀ wa! Ó yà mí lẹ́nu pé ẹnì kankan ò tíì sọ ọ́. Musíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ni, 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ère òkúta tó lé ní 1,000 ló wà níbẹ̀. Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ní èèyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di òkúta. Ẹ má fi ìkánjú wò wọ́n. Ẹ bá ọmọ yín yan ère kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ jókòó tì í. Mo rántí ọ̀kan tí mo tẹjú mọ́, obìnrin ni, ó jókòó sórí àpótí, wọ́n di irun orí ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí onídìrí ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é tán, ilà ojú ẹ̀ hàn ketekete, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ẹni tó mú irin tinrín lọ́wọ́ tó fi sùúrù gbẹ́ irun yẹn, bóyá ìyàwó ẹ̀ ni, bóyá ọmọ ẹ̀ ni. Mo pẹ́ níbẹ̀.

Omi Òwù náà wà ní Ọ̀wà-Kájọlà, láti orí àpáta tó ga tó nǹkan bí 120 mítà ló ti ń já wálẹ̀, ó tutù bíi yìnyín, ṣùgbọ́n ibẹ̀ jìnnà, ọ̀nà ẹ̀ sì gba kéèyàn ní ọ̀pọ̀ èèyàn dání. Ibikíbi tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ lápá ọ̀dọ̀ wa lásìkò yìí, ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kẹ́ ẹ bi í bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ má dá lọ, kẹ́ ẹ sì ti padà kí ọjọ́ tó rọ̀. Mo fẹ́ràn ilé wa, ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn.

Bàbá_Àgbà_Ọ̀fà
Ọmọ mi, mo kí ẹ o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti òkè. Kò sẹ́ni tó bi ẹ́ nípa bàbá ẹ. Kí ni òun fẹ́ràn?

Nọ́ọ̀sì_Tanke
Bàbá, ẹ ṣeun, sà. Mo ka ìbéèrè yín, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ní láti kọ́kọ́ sunkún ná.

Bàbá mi kì í mu omi fíríìjì. Àmù ni wọ́n ní, ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, wọ́n gbé e sórí iyanrìn tútù, kọ́ọ̀bù oníke pupa kan ló máa ń wà lórí ìdérí ẹ̀. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, bí mo bá ṣe ń kúnlẹ̀ kí wọn báyìí, wọ́n á ní “lọ bumi mu ná.” Títí mo fi di nọ́ọ̀sì, títí mo fi bímọ, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń sọ. Omi yẹn máa ń ní òórùn ilẹ̀ tójò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Nígbà tá a ń kó ẹrù wọn, ẹnì kan fẹsẹ̀ kọ àmù náà, ó fọ́. Mo gbá àfọ́kù ẹ̀. Mi ò sunkún tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tá a sìnkú wọn.

Ọmọ_Òkèlélé
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa bọ̀ l'Ókèlélé lọ́dọ̀ wa, ní Dada. Inú Ìlọrin níbí ni, kẹ̀kẹ́ Màrúwá á gbé yín dé ẹnu ibẹ̀. Àwọn ìyá wa ṣì ń mọ ìkòkò níbẹ̀ lójoojúmọ́, ìyá ìyá mi wà lára wọn títí ọwọ́ wọn fi ń gbọ̀n.

Wọn kì í lo ẹ̀rọ. Ìkòkò àtijọ́ ni wọ́n á da ojú ẹ̀ dé, wọ́n á tẹ́ amọ̀ pẹlẹbẹ, wọ́n á dà á bo ìdí ẹ̀, wọ́n á máa gbá a, wọ́n á máa yí i po, pá pá pá, ìró yẹn lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ kẹ́ ẹ tó rí wọn. Tó bá ti le díẹ̀ wọ́n á ṣí i kúrò, wọ́n á wá yí amọ̀ bí okùn, wọ́n á fi mọ ọrùn lé e. Tí oòrùn bá ti gbẹ ẹ́ tán, ìta gbangba ni wọ́n ti ń sun ún, pẹ̀lú igi àti koríko. Bó bá ṣe ń tinú iná jáde, wọ́n á wọ́n omi èèpo igbá sí i (igbá tá a ń fi èso ẹ̀ ṣe irú ni o), òun ló ń jẹ́ kó dán.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra àmù, ẹ fi eegun ìka kàn án yíká. Tó bá dún gooro, ó jinná. Tó bá dún bọ̀ọ̀ níbì kan, ó ti sán níbẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ rọra bá àwọn ìyá náà dúnàádúrà, iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Nọ́ọ̀sì_Tanke
Mo ti lọ o. Lánàá. Ìró yẹn la kọ́kọ́ gbọ́ lóòótọ́. Ìyá kan tó ti dàgbà pe ọmọ mi, wọ́n gé amọ̀ tó tó ẹ̀kúnwọ́ fún un, wọ́n ní kó jókòó, kó mọ nǹkan. Ó mọ ìkòkò kan tó wọ́, ìyá náà ò tún un ṣe, wọ́n kàn fi àtàǹpàkò gé etí ẹ̀ kó gún, wọ́n ní “èyí dáa, o ó tún wá.” Èmi ń kan àmù káàkiri bẹ́ ẹ ṣe ní kí n ṣe, ìkẹrin ló dún gooro. A gbé e wálé, mo gbé e ka itan nínú kẹ̀kẹ́, mi ò jẹ́ kó kan nǹkan kan.

A ti gbé e sórí iyanrìn ní kọ̀rọ̀. Mo pọn omi kún un lálẹ́ àná, ìdí ẹ̀ ti ń làágùn báyìí. Ọmọ mi ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án yìí, ó kúnlẹ̀, mi ò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi, mo ní “lọ bumi mu ná.”

Ìyá_Ìbejì_Gàá_Àkáńbí
Alhamdulillah! Àbúrò mi, ẹ gbọ́ o, ẹ da omi àkọ́kọ́ yẹn nù, àti ìkejì, kí erùpẹ̀ ẹ̀ lè tán. Ẹ má sì fi ọṣẹ fọ inú ẹ̀ láéláé, á mu ún, gbogbo omi ẹ̀ á máa run ọṣẹ. Kànrìnkàn àti omi nìkan, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀.